Etí Ni Kí A Kọ́kọ́ Rò: Yíyan Écouteur àti Casque fún Orin Inú Tẹlifóònù

Àwọn àgbà ní bí ìlù bá dún àdúnjù, yíya ló máa ń ya. Ìlù awọ ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n ìlù mìíràn wà tí ó súnmọ́ wa ju ti onílù lọ: awọ tín-ín-rín tí ó wà nínú etí olúkúlùkù wa. Òun ni gbogbo orin tí à ń gbọ́ ń lù. Nígbà tí orin wà ní ojú agbo nìkan, ó ń rẹ onílù, agbo ń tú, etí a sì rí ìsinmi. Láti ìgbà tí orin ti wọ inú tẹlifóònù, agbo kì í tú mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ń gbọ́ ọ bí ó ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, awakọ̀ zémidjan ń gbọ́ ọ lórí alùpùpù, aránṣọ ń gbọ́ ọ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Nítorí náà, ohun kékeré tí à ń fi sí etí yìí kì í ṣe ohun tí a lè rà bí ẹni ra gúgúrú. Òun ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú abala wa yìí: oríṣi rẹ̀, bí a ṣe ń yàn án, bí a ṣe ń dán an wò lọ́wọ́ òǹtajà, àti bí a ṣe lè lò ó tí etí wa yóò fi bá wa dalẹ́.

Ní àdúgbò wa, èdè Faransé ni a fi ń pe àwọn ohun èlò wọ̀nyí, ẹ jẹ́ kí a sì lò ó bẹ́ẹ̀. Écouteur ni àwọn kékeré tí ó ń wọ etí. Casque ni ńlá tí a ń gbé kọ́ orí. Écouteur jẹ́ oríṣi méjì. Èkíní ń jókòó sí ẹnu ihò etí, kò ní rọ́bà, ariwo ìta sì ń wọlé bá orin láìsí ìdíwọ́. Èkejì ní rọ́bà rírọ̀ ní ẹnu, ó ń wọ inú ihò etí, ó sì ń dí i bí ìdérí ṣe ń dí ẹnu ìgò. Casque pẹ̀lú jẹ́ oríṣi méjì: èyí tí ó ń tẹ́ lé etí lórí, àti èyí tí ó fẹ̀ tó láti gba gbogbo etí mọ́ra. Nínú ti ńlá wọ̀nyí, ẹ tún wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá dí, orin kì í jáde, ariwo kì í sì í wọlé púpọ̀. Bí ó bá jẹ́ àwọ̀n tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, orin a máa dún bí ẹni pé a wà nínú gbọ̀ngàn ńlá, ó sì dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ilé tí ó dákẹ́ rọ́rọ́ nìkan ni ó yẹ. Nínú ọkọ̀ akérò, ẹni tí ó jókòó tì yín yóò bá yín gbọ́ orin náà láìsanwó.

Ó dára kí a rántí ibi tí nǹkan yìí ti wá. Ní ọdún 1910, ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Nathaniel Baldwin fi casque tí ó ṣe fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ogun ojú omi orílẹ̀-èdè rẹ̀, kí àwọn tí ń gba ìròyìn lórí rédíò lè gbọ́ ohùn tí ó rẹlẹ̀ gan-an láti ọ̀nà jíjìn. Ní 1958, John Koss, ọmọ Amẹ́ríkà mìíràn, gbé casque stéréo jáde fún orin. Ní 1979, Walkman tí ilé iṣẹ́ Sony ti Jàpáànù ṣe mú orin kúrò nínú yàrá, ó gbé e sí ìgboro. Ẹ kíyè sí i: kí a lè gbọ́ ohun tí ó rẹlẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe casque. Àwa ni a sọ ọ́ di ohun tí à ń fi pariwo sí ara wa.

Ìlànà kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn kí ẹ tó mú owó jáde: écouteur tí ó dára jù lọ ni èyí tí ó fún yín láàyè láti dín ohùn kù, tí ẹ óò sì tún gbọ́ gbogbo ohun tí ó wà nínú orin. Ìdí rẹ̀ rèé. Etí kì í gbọ́ orin nìkan. Ó ń gbọ́ orin pẹ̀lú ariwo tí ó yí i ká. Ní ìgboro Porto-Novo tàbí Cotonou, níbi tí alùpùpù, fèrè ọkọ̀ àti ẹ̀rọ amúnáwá ti ń bá ara wọn figagbága, ẹni tí écouteur rẹ̀ kò dí ariwo yóò máa gbé orin sókè títí yóò fi borí ariwo náà, láìmọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ariwo wà lábẹ́, orin wà lórí, etí ni ó sì ń ru ẹrù méjèèjì. Ẹni tí rọ́bà écouteur rẹ̀ bá ihò etí mu rẹ́gí kò ní bá ariwo jà, nítorí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ariwo wà.

Rọ́bà yìí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Páálí écouteur gidi sábà máa ń ní rọ́bà mẹ́ta: kékeré, àárín àti ńlá. Àwọn kan a máa sọ èyí tí kò sí lára écouteur nù pẹ̀lú páálí. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí rọ́bà bá kéré ju ihò etí lọ, afẹ́fẹ́ a gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde, ohùn ìsàlẹ̀ orin a sì bá a lọ. Orin a wá máa dún bí agolo òfìfo. Kí ẹ tó sọ pé écouteur kan kò dára, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀. Ihò etí ọ̀tún àti ti òsì pàápàá lè máà dọ́gba. Kò sí ohun tí ó burú bí rọ́bà méjèèjì bá yàtọ̀.

Kí ni àwa gan-an fẹ́ fi í gbọ́? Èdè wa jẹ́ èdè olóhùn. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kò ju gíga àti rírẹlẹ̀ ohùn lọ. Ọ̀nà kan náà ni dùndún ń gbà sọ̀rọ̀. Nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú ìṣúra ọmọ aráyé, tí Benin, Nàìjíríà àti Togo sì jọ ni, ọ̀rọ̀ ni ó ṣe kókó: ẹ̀fẹ̀, ìbáwí, ìwúre. Ẹni tí ó gba orin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sílẹ̀ ní Kétu, tí écouteur rẹ̀ wá fi ohùn ìsàlẹ̀ bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, ijó nìkan ni ó kù fún un. Ọgbọ́n inú orin náà ti bọ́ sọnù.

Ọ̀pọ̀ écouteur olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n ṣe kí ohùn ìsàlẹ̀ wọn lè máa lù gbì-gbì, nítorí ìyẹn ni ó ń yára wu oníbàárà. Ohùn ìsàlẹ̀ kò burú. Ta ni yóò gbọ́ Orchestre Poly-Rythmo de Cotonou tí kò ní fẹ́ gbọ́ gìtá báàsì rẹ̀? Ṣùgbọ́n ohùn ènìyàn, ìyáàlù àti gìtá wà ní àárín. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti àwọn kọ́ńsónáǹtì bíi f, s àti ṣ wà ní òkè. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá òkè wà níbẹ̀, ẹ fi écouteur náà gbọ́ ẹni tí ń ka ìròyìn ní Yorùbá tí ó já gaara, kí ẹ sì tẹ́tí sí òsì àti òṣì, ìsẹ́ àti ìṣẹ́. Bí ẹ kò bá lè mọ èyí tí í ṣe ọwọ́ àti èyí tí í ṣe àìní, tí kì í sì í ṣe pé ẹni náà wá láti ìlú tí wọn kì í ti í ya s sọ́tọ̀ kúrò lára ṣ, ẹ dá écouteur náà padà fún ọlọ́jà. Bí ó bá jẹ́ orin Sunny Ade ni ẹ fẹ́ràn, ẹ gbìyànjú láti tọpa ìlù tí ń sọ̀rọ̀ láàárín gbogbo gìtá yẹn. Écouteur tí ó dára kò ní jẹ́ kí ó sọnù mọ́ yín lọ́wọ́.

Nọ́ńbà ni ó kún ẹ̀yìn páálí. Ẹ óò rí «20 – 20 000 Hz». Èyí ni ìwọ̀n tí etí ọ̀dọ́ tí ó dá ṣáṣá lè gbọ́, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Apá òkè rẹ̀ a sì máa dínkù bí a ti ń dàgbà. Nítorí pé gbogbo páálí ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ ọ́, kò jẹ́ ẹ̀rí ohunkóhun. Ẹ wo ómù dípò rẹ̀, èyí tí àmì rẹ̀ jẹ́ Ω. Ó ń sọ bí ohun èlò náà ṣe ń tako iná tí tẹlifóònù ń fi ránṣẹ́. 16 tàbí 32 Ω bá tẹlifóònù mu. Casque àwọn tí ń gba orin sílẹ̀ ní stúdíò lè tó 250 Ω. Lórí tẹlifóònù, ohùn rẹ̀ yóò rẹlẹ̀ bí ohùn ẹni tí ebi ń pa, bẹ́ẹ̀ ni kò bàjẹ́. Lẹ́yìn èyí ni désíbẹ̀lì, dB, tí ó ń sọ bí yóò ti dún tó fún iná díẹ̀ tí a bá fún un. Nǹkan bí 100 dB ti tó fún tẹlifóònù. Ní ti mílímítà tí wọ́n fi ń yangàn, ìwọ̀n awo tí ń gbọ̀n nínú rẹ̀ ni. Awo ńlá tí a kò ṣe dáadáa kò sàn ju kékeré tí a fi ọgbọ́n ṣe lọ.

Ṣé olókùn ni tàbí aláìlókùn? Fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, olókùn ni ìmọ̀ràn mi. Nínú écouteur Bluetooth, owó tí ẹ san ti pín sára bátìrì, ẹ̀rọ tí ń gba ìgbì, àti àpótí kékeré tí ń fún un ní iná. Nínú olókùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ohùn nìkan ni ẹ sanwó fún. Bátìrì a sì máa gbó. Okùn kò ní bátìrì. Ṣùgbọ́n ẹ wo tẹlifóònù yín kí ẹ tó lọ sí ọjà. Ihò róbótó 3,5 mm ti ń di ohun àwátì: Apple yọ ọ́ kúrò lára iPhone 7 ní 2016, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e. Bí tẹlifóònù yín kò bá ní in, écouteur oní-USB-C ni ẹ óò rà, tàbí kí ẹ ra adaptateur kún un. Ẹnu Lightning ni iPhone fi wá láti iPhone 5 ti 2012. Láti orí iPhone 15 ti 2023 ni òun náà ti gba USB-C.

Ẹ jẹ́ kí n tú àdììtú kan tí àwọn ènìyàn máa ń bi mí. Nígbà mìíràn, ẹ óò máa gbọ́ ìlù àti gìtá, ṣùgbọ́n ohùn akọrin yóò ti pòórá, tàbí kí ó máa dún bí ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ kànga. Kì í ṣe iṣẹ́ àǹjọ̀nú. Orí okùn náà ni kò wọlé tán, tàbí kí okùn ti já nínú, tí irin tí etí méjèèjì jọ ń lò kò fi fara kan ibi tí ó yẹ. Ohun tí ó bá dọ́gba ní ọ̀tún àti òsì a wá pa ara wọn rẹ́, ohùn akọrin ni ó sì sábà máa ń dọ́gba bẹ́ẹ̀. Ẹ tì í wọlé dáadáa; bí eruku bá wà nínú ihò náà, ẹ pa tẹlifóònù, kí ẹ fi igi tín-ín-rín yọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí kò bá yí padà, okùn ti kú nìyẹn.

Ní ti Bluetooth, SBC ni ọ̀nà tí gbogbo wọn gbọ́dọ̀ mọ̀ láti fi orin ránṣẹ́. AAC, aptX àti LDAC wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n bí tẹlifóònù àti écouteur kò bá jọ mọ ọ̀kan náà, SBC ni wọn yóò padà sí. Ẹ má san owó ńlá nítorí LDAC bí tẹlifóònù yín kò bá mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ nínú ooru tàbí tí ń sáré kí ó wá èyí tí wọ́n kọ IPX4 sí, nítorí òógùn àti omi tí ó ta sí i kò ní tètè bà á jẹ́. Kí gbogbo wa sì rántí pé écouteur kò lè dá ohun tí kò sí nínú orin. Orin tí wọ́n ti fún mọ́ra jù kí ó lè tètè dé, tí ó sì ti ọwọ́ ènìyàn mẹ́wàá kọjá kí ó tó kàn yín, ti pàdánù ohùn òkè rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Àwọn kan wà tí wọ́n kọ «réduction de bruit active» sí. Gbohùngbohùn kékeré kan nínú wọn ń gbọ́ ariwo ìta, ẹ̀rọ inú rẹ̀ a sì dá ìró òdì-kejì rẹ̀ sílẹ̀, kí àwọn méjèèjì lè pa ara wọn. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí ariwo tí kì í yí padà, bíi ti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àti ẹ̀rọ amúnáwá. Kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ lórí ohùn ènìyàn tàbí ìró òjijì. Ẹni tí ó bá lówó rẹ̀, kí ó rà á. Ẹni tí kò ní, kí ó mọ̀ pé rọ́bà tí ó bá etí mu ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn láìgba fáránkì kan sí i.

Bí ẹ bá wá dé ọjà Ouando tàbí Dantokpa, ẹ má jẹ́ kí òǹtajà fi orin tirẹ̀ dán an wò fún yín. Tẹlifóònù tiyín ni kí ẹ lò, pẹ̀lú orin tí ẹ mọ̀ dunjú. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ wò ó bóyá ọ̀tún àti òsì ń dún bákan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ mi okùn díẹ̀ níbi tí ó ti wọ tẹlifóònù àti níbi tí ó ti wọ écouteur, nítorí ibẹ̀ ni ó ti sábà máa ń já. Bí ohùn bá ń lọ tí ó ń bọ̀, ẹ má rà á. Ẹ dín ohùn kù títí yóò fi rẹlẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ọ̀rọ̀ orin ṣì yé yín. Ẹ pe ẹnì kan, kí ẹ bi í bóyá ó ń gbọ́ yín ketekete. Bí ó bá jẹ́ casque, ẹ gbé e kọ́ orí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá bí ẹ ti ń ná ọjà. Èyí tí ó bá ń fún yín lórí nísinsìnyí yóò di ẹ̀fọ́rí ní ìrọ̀lẹ́. Kí ẹ má sì gba orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá tí wọ́n tẹ̀ sára páálí gbọ́ bí owó rẹ̀ bá kéré jù: orúkọ rọrùn ún tẹ̀ ju ohùn dáadáa lọ.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ̀rọ̀ tí ó mú mi gbé kálámù. Nínú etí lọ́hùn-ún, lẹ́yìn awọ tí a mẹ́nu bà, ohun kan wà tí ó ká kò bí ìkarawun ìgbín. Nǹkan bí 15 000 sẹ́ẹ̀lì onírun tíntìntín wà nínú rẹ̀, tí ń sọ ìró di ìròyìn fún ọpọlọ. Ariwo ńlá ń pa wọ́n, bí wọ́n bá sì ti kú, òmíràn kì í hù. Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí à ń pè ní OMS, sọ pé ó ju bílíọ̀nù kan ọ̀dọ́ lọ tí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbọ́ orin lè kó bá etí wọn. Ìwọ̀n tí OMS fi lélẹ̀ fún àgbàlagbà ni 80 dB fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Fún ọmọdé, 75 dB fún wákàtí 40. Bí ohùn bá fi 3 dB péré lọ sókè, kí àkókò dín sí ìdajì. Ẹni tí ń gbọ́ orin ní 89 dB ní wákàtí 5 lọ́sẹ̀. Ẹni tí ó gbé e dé 100 dB ní nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, fún odindi ọ̀sẹ̀.

Èmi tí ń kọ́ ọmọ ní collège mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ohùn òkè ni ariwo máa ń kọ́kọ́ jí gbé, òun sì ni a fi ń mọ f yàtọ̀ sí s. Ọmọ tí etí rẹ̀ ti ń lọ kì í tètè mọ̀. Ó ń gbọ́ ohùn olùkọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò dá a lójú. A óò rí i tí ń wí pé «Pardon, Monsieur?» lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú dictée kan, a óò sì pè é ní ọ̀lẹ tàbí aláìgbọràn, nígbà tí kò jẹ̀bi ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ń sọ pé nǹkan ń hó nínú etí òun lẹ́yìn tí ó ti yọ écouteur, ẹ má fi ṣe ẹ̀rín. Etí ni ó ń ké. Ẹ jẹ́ kí ó sinmi, bí kò bá sì dáwọ́ dúró, ẹ mú un lọ rí dókítà.

Ohun tí a lè ṣe kò pọ̀, kò sì ná wa ní owó. Kí ohùn má kọjá 60 nínú 100 lórí tẹlifóònù. Ọ̀pọ̀ tẹlifóònù ní ibi tí a ti lè fi ààlà sí ohùn. Ẹ fi í sí ti àwọn ọmọ. Ẹ máa yọ ọ́ fún ìsinmi láàárín wákàtí. Ẹ máa fi aṣọ mímọ́ nù ún, ẹ má sì yá ẹlòmíràn, nítorí ìdọ̀tí etí àti òógùn a máa kó àrùn ràn. Ẹni tí etí rẹ̀ kan kò gbọ́ mọ́, kí ó wá «audio mono» nínú paramètres tẹlifóònù rẹ̀. Yóò kó ohùn ọ̀tún àti òsì pọ̀ sí etí kan, kò sì ní pàdánù ìdajì orin. Àti pé lójú títì, kò sí écouteur tí ó dára. Ẹni tí ń wa zémidjan, tàbí tí ń sọdá ọ̀nà, fèrè ọkọ̀ ni orin tí ó yẹ kí ó gbọ́.

Ní ìparí, kí a mọ ìgbà tí ó yẹ kí a yọ ọ́. Ọmọ tí écouteur wà létí rẹ̀ kọjá lára àgbà láìkí i, kì í ṣe pé kò ní ẹ̀kọ́ ilé, kò kàn gbọ́ pé wọ́n pe òun ni. Orin tí ó wà nínú tẹlifóònù yóò dúró dè wá. Àgbà tí ń pìtàn, ìyá tí ń kọrin nídìí ààrò, àti Ẹ̀fẹ̀ tí ń bá ìlú wí lóru kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Etí kan náà ni a óò fi gbọ́ wọn. Ẹ yan ohun tí yóò dá a sí. Kí Ẹlẹ́dàá jẹ́ kí a fi etí wa gbọ́ ire, kí ó sì jẹ́ kí a gbọ́ ọ títí dé ọjọ́ alẹ́.